Bí Bàbá Ṣe Di Ọba Íjíbítì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n tó gbé tèmi,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín lórí bébà yìí, torí ilẹ̀ yàrá mi kò mọ́. Mo nígbàgbọ́ pé ara yín le, pé orúnkún tó ń dùn yín ti rọlẹ̀, pé ọmọ yín ń jẹun dáadáa, àti pé kò tíì gé olùkọ́ mìíràn jẹ. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, Màmá ń bẹ, Bàbá ń bẹ, èmi náà ń bẹ. Orí ń fọ́ mi díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì fọ́ tán.

Ẹ ó máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ohun kan wà nínú àpò ìwé yìí tí Bàbá ní kí n má fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Wọ́n ní ohun tí èèyàn kò bá lè fọwọ́ kàn kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yọ ọ́ wò. Ẹ ka lẹ́tà tán ná. Mo mọ̀ yín, ẹ ti yọ ọ́ wò. Kò burú, ẹ kà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí pé láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu Bàbá, ọwọ́ ti padà, ẹsẹ̀ ti padà, ṣùgbọ́n apá òsì ojú wọn kò bá àwọn yòókù bọ̀. Ibi tó rọ̀ sí náà ló dúró sí. Bàbá kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Tí ẹ bá pè wá lórí fóònù aláwòrán, wọ́n á kọ kámẹ́rà sí òkè àjà, wọ́n á wá máa bá yín sọ̀rọ̀ láti abẹ́ rẹ̀. Ọmọ yín ti mọ fáànù wa ju bó ṣe mọ bàbá àgbà rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó béèrè pé ṣé Bàbá Fáànù ti jẹun, ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá gbọ́. Wọn kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìgbà yẹn lẹ bẹ̀ mí pé kí n wá ọgbọ́n kan dá, kí n ya fọ́tò Bàbá, ẹyọ kan péré, kí ọmọ yín lè mọ ojú ẹni tó bí ìyá òun. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé nítorí pé mo jẹ́ ayafọ́tò, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ayafọ́tò tó lè ya ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti rí kámẹ́rà báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá abẹ́rẹ́ tí kò jábọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn pàápàá, Bàbá ti kọ ojú dígí ńlá yẹn sí ògiri. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn oníbàárà ni wọ́n máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á máa wo aṣọ náà nínú dígí láti orí èjìká rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé bí wọ́n ṣe ń wo aṣọ, nǹkan mìíràn náà ń wò wọ́n. Wọ́n bá yí i padà. Ní báyìí, tí oníbàárà bá wọ aṣọ tuntun, tó ní òun fẹ́ wo ara òun, Bàbá á bi í pé ṣé ó fún un. Á ní rárá. Ṣé ó tóbi jù? Á ní rárá. "Kí lo wá fẹ́ wò?" Oníbàárà á dúpẹ́, á sì lọ.

Èmi náà ṣì wà ní ilé ìyafọ́tò tó wà nísàlẹ̀ òpópónà wa. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún mi ní pólì sọ pé mo mọ iṣẹ́ ọnà àti fọ́tò. Ọ̀gá mi kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yìn mí, ó sì fi í bo ibi tí ògiri ti ń bó. Ọ̀gá Etí-Méjì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, òfin rẹ̀ kò sì pọ̀: orí gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, ẹnu gbọ́dọ̀ pa dé, etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn. Ó sọ fún ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó pé kó má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò tíì rẹ́rìn-ín títí di òní.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀gá mi ń ráhùn pé àwọn ará òpópónà wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó mọ́. Ó ní bí wọ́n bá ti wọ aṣọ tó dáa wá síwájú kámẹ́rà, ṣe ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí apá kan bí ẹni tó ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Láti àárọ̀ títí tí a ó fi ti ilẹ̀kùn, ìka méjì ló fi ń tún orí àwọn èèyàn ṣe. Mo ní bóyá ayé ló ń yí. Ó ní kí ayé máa yí, kí orí ṣáà dúró.

Nígbà tí ilé ìkàwé ìlú kéde pé àwọn fẹ́ ṣe àfihàn fọ́tò àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ní kí kálukú wá ohun àtijọ́ kan tí yóò fi dá iṣẹ́ tuntun. Mo lọ sí ilé ìkàwé náà láti wá ohun àtijọ́. Àkọ́kọ́ tí mo rí ni àga tí wọ́n fún mi. Èkejì ni ìwé kan tó wúwo bí ọmọ ọdún méjì, tó kún fún àwòrán ara ògiri àwọn ará Íjíbítì ìgbà láéláé: ọba, ayaba, akọ̀wé, àwọn tó ń ká èso àjàrà, àti oríṣiríṣi ẹyẹ tó dúró bí ẹni tó mọ nǹkan tí kò fẹ́ sọ.

Ohun kan dá mi dúró nínú ìwé yẹn. Ẹ mú ẹnikẹ́ni nínú wọn, orí rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́, imú rẹ̀ ń lọ síbi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹyinjú kan tó hàn lára orí yẹn, odindi ni, bí ẹni pé iwájú lẹ ti ń wò ó. Àyà àti èjìká kọjú sí yín. Ìbàdí àti ẹsẹ̀ tún ti yí padà, wọ́n ń tẹ̀lé imú lọ. Bí èèyàn ẹlẹ́ran ara bá dúró báyìí, ilé ìwòsàn ni wọ́n máa gbé e lọ. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń wò wọ́n tó, wọn kò jọ ẹni tó ń jìyà. Wọ́n jọ ẹni tí ohunkóhun kò dín lára rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ìdí, kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá. Màmá wo àwọn ayaba náà fínnífínní, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ń kọjá lọ ni, wọn ò fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀ pé ilé rẹ̀ ni àwọn ń wò. "Imú ń lọ, ẹyinjú ń ṣọ́ ilé onílé. Ṣé o rò pé Íjíbítì nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é?" Mo béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá Etí-Méjì. Ó ka etí wọn lójú ewé kan sí òmíràn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń bá. Ó pa ìwé náà dé, ó ní abájọ tí ìjọba wọn fi ṣubú.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ ní kì í ṣe pé wọn kò mọ bí èèyàn ṣe rí. Ọ̀nà tiwọn ni láti mú ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan láti ibi tó ti hàn jù, kí wọ́n sì tò wọ́n pọ̀, kí ohunkóhun má bàa dín lára ẹni náà níbi tó ń lọ. Mo ka ibẹ̀, mo tún padà kà á. Mo wá bi ara mi pé ṣé kámẹ́rà lè ṣe irú rẹ̀, kámẹ́rà tó jẹ́ pé ibì kan ló ń wò lẹ́ẹ̀kan. Kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n tí mo bá ya orí láti ẹ̀gbẹ́, tí mo ya ẹyinjú láti iwájú, tí mo ya èjìká lọ́tọ̀, tí mo ya ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, tí mo wá gé wọn tí mo lẹ̀ wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan jáde.

Màmá ni mo kọ́kọ́ fi ṣe ayaba. Wọ́n béèrè pé ṣé àwọn inú ìwé yẹn ti kú. Mo ní ó ti pẹ́. Wọ́n ní a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa wá bínú. Páálí ni mo fi ṣe adé, mo fi bébà dídán inú àpótí bísíkíìtì bò ó. Tìróò Màmá ni mo fi fa ìlà gígùn láti ẹ̀bá ẹyinjú dé ìtòsí etí. Àwọn ayaba yẹn tún máa ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ fífẹ̀ kan tó bo gbogbo èjìká. Níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ kò ti sí, mo kó bọ́tìnì inú agolo Bàbá, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí ní ìlà-ìlà, funfun, búlúù, pupa, àti ìlà kan tó jẹ́ ti aṣọ ọlọ́pàá. Ní ti ẹsẹ̀, mo rí i nínú ìwé pé àtàǹpàkò ló sábà máa ń wà níwájú lára ẹsẹ̀ méjèèjì, mo bá ya ẹsẹ̀ òsì Màmá, mo lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n ní, "Ayaba ẹlẹ́sẹ̀ òsì méjì. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n ní kó wá jó."

Ọ̀gá Etí-Méjì náà ní kí n fi òun ṣe ọba, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò gbà. Mo ní kó kọ orí sí ẹ̀gbẹ́, ó kọ ọ́. Kí n tó tẹ kámẹ́rà, orí náà ti fúnra rẹ̀ padà síwájú. A gbìyànjú rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ wá. Ó wá ní kí n fi òun sílẹ̀, iṣẹ́ ti wọ inú egungun òun.

Bàbá kò dá sí gbogbo èyí títí wọ́n fi wá bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan tì. Wọ́n wọ yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n bá ìyàwó wọn lórí àpótí, adé lórí, gbogbo bọ́tìnì ṣọ́ọ̀bù lọ́rùn. Wọ́n ní, "Ìyá wọn, mẹ́rin nínú ohun tó wà lọ́rùn rẹ yẹn ní olóhun." Màmá kò mira, torí mo ti ní wọn ò gbọ́dọ̀ mira. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu dáhùn pé kí Bàbá lọ bá akọ̀wé ayaba sọ ọ́.

Bí Bàbá ṣe ń wá bọ́tìnì lórí tábìlì ni ọwọ́ wọn kan ìwé náà. Wọ́n ṣí i. Wọ́n jókòó. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Télọ̀ ló ya eléyìí." Mo ní báwo? Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì tó máa ń wà létí wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn mí láìkan bébà. "Tí mo bá gé aṣọ sílẹ̀ tí mi ò tíì rán an, báyìí náà ló ń rí. Àyà tẹ́ sílẹ̀, apá tẹ́ sílẹ̀, kọ́là tẹ́ sílẹ̀, oníkálukú ń wo òkè. Kò sẹ́ni tó rí bẹ́ẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n odindi èèyàn ló wà lórí tábìlì yẹn." Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni mo ti fi ń wá ìdáhùn, ó wá jẹ́ pé mo ń bá a gbé.

Bàbá kò dìde. Wọ́n ń ṣí ojú ewé lọ, mo sì rò pé ẹ̀wù ni wọ́n ń wò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n béèrè, bí ẹni tí kò béèrè, pé gbogbo àwọn èèyàn yìí, ṣé kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọjú síwájú ni. Mo ní kò sí. "Ọba ńkọ́?" Mo ní ọba náà. Wọ́n pa ìwé dé. Wọ́n ní, "Apá ọ̀tún ni wàá yà."

Mo yára gbé àpótí sún mọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Màmá bọ́ adé, wọ́n fi dé Bàbá lórí, wọ́n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ bọ́tìnì, wọ́n fi bo èjìká Bàbá. Lẹ́yìn náà ni Màmá jáde lọ wo ìkòkò tí kò sí lórí iná.

Orí láti ẹ̀gbẹ́ rọrùn. Èjìká rọrùn, torí mo gbé kámẹ́rà wálẹ̀ kí ojú má bàa wọ inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rọrùn. Bàbá ti bọ́ adé, wọ́n ti bọ́ ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ti ń yọ bọ́tìnì oníbàárà wọn kúrò lára páálí nígbà tí mo rántí ohun tó kù. Mo ní, "Bàbá, ó ku ẹyinjú." Wọ́n ní ṣebí ọ̀kan wà lára orí tí mo yà. Mo ṣàlàyé pé ti ẹ̀gbẹ́ nìyẹn, ìdajì ni. Ti iwájú ni wọ́n máa ń fi sí i, orí náà sì gbọ́dọ̀ wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, kí ìwọ̀n àti ìmọ́lẹ̀ lè bára mu. A ò lè ya ẹyinjú lọ́tọ̀. Gbogbo ojú ló máa wọ inú kámẹ́rà.

Bàbá ń wo bọ́tìnì tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ẹyinjú ọ̀tún nìkan lo máa gé?" Mo ní òun nìkan. "Ìyókù ńkọ́?" Mo ní màá sọ ọ́ nù bí wọ́n ṣe ń sọ àjákù aṣọ nù. Wọ́n jókòó, wọ́n fọwọ́ lé orúnkún, wọ́n sì kọjú sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tẹ̀ ẹ́. Ẹyinjú yẹn ni mo tẹjú mọ́, débi pé mi ò rí ohun mìíràn nínú fọ́tò náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí mo parí ìlẹ̀pọ̀, ọba ló jáde, kò sí àní-àní. Ti Màmá ti parí ṣáájú, wọ́n ti fọwọ́ sí i, mo sì ti da àwọn àjákù tiwọn nù. Ṣùgbọ́n mi ò tíì da ti Bàbá nù. Bàbá náà ló kọ́ wa pé a kì í da àjákù aṣọ nù títí olóhun yóò fi wọ aṣọ lọ, torí a kò mọ ibi tó máa ya. Mo fi gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ọ̀gá mi pé kó bá mi tẹ ayaba àti ọba ní ńlá, kó sì bá mi gbé wọn kọ́ síbi ìṣó tí mo ti kàn sílẹ̀. Èmi lọ sílé láti lọ mú àwọn òbí wa wá.

Bàbá gbà láti wá wo ọba. Wọ́n lọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n gbé téèpù kọ́rùn bí ìṣe wọn, wọ́n fi áńkáṣíìfù bo apá òsì ẹnu bí ẹni tó ń nu òógùn. Nínú gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, a kọ́kọ́ bá Màmá lára ògiri. Àwọn èèyàn dúró síwájú ayaba, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ òsì méjèèjì. Màmá dúró díẹ̀ kí wọ́n lè dá àwọn mọ̀. Lẹ́yìn náà la lọ sí ògiri ìparí, níbi tí mo ti kan ìṣó sílẹ̀ fún ọba.

Ọba kò sí níbẹ̀. Bàbá ló wà níbẹ̀. Ojú Bàbá láti iwájú, tó tóbi bí fèrèsé, apá ọ̀tún àti apá òsì, ẹnu tó rọ̀, ìpéǹpéjú tó wọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá Etí-Méjì dúró tì í nínú aṣọ ìjáde rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó fà mí mọ́ra, ó ní, "Mo bá ọ tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà ti da ojú Bàbá rú, ó fi imú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ẹyinjú síwájú. Mo wá inú rẹ̀ títí mo fi rí èyí tó dáa. Wò ó, etí méjèèjì." Mo ní ti Màmá tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun mọ̀ pé eré ni ti Màmá, ṣùgbọ́n a kì í fi ojú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá ṣeré. Òótọ́ inú rẹ̀ ló ń sọ.

Mo na ọwọ́ láti yọ ọ́ lára ògiri. Bàbá ní, "Fi í sílẹ̀." Ohùn wọn kò ga. Wọ́n sún mọ́ ọn, áńkáṣíìfù sì kúrò lẹ́nu, torí ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń wá awò wọn. Wọ́n fi awò sójú. Wọ́n wò ó pẹ́. Màmá ń wo ilẹ̀, èmi ń wo ìṣó. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, Bàbá ti yọ téèpù lọ́rùn, wọ́n ń wọn fọ́tò náà. Wọ́n wọn ìhín, wọ́n wọn ọ̀hún.

"Ta ló rán ṣẹ́ẹ̀tì yìí?"

Màmá ló sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Bàbá wọn, ẹ̀yin ni."

"Kọ́là yìí wọ́."

Mo wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi, ó wọ́. Apá ọ̀tún ga ju apá òsì lọ, kì í sì í ṣe díẹ̀. Bàbá yí padà. Wọ́n wo kọ́là ọ̀gá mi, tí wọ́n rán fún un láìpẹ́ yìí. Wọ́n wo ti ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n wo ti olùkọ́ kan tó wá wo àfihàn. Wọ́n wo tèmi. Gbogbo wa ga lápá ọ̀tún bí ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti rì lápá kan. Wọ́n béèrè pé láti ìgbà wo. Gbogbo wa la mọ̀ pé láti ìgbà tí dígí ti kọjú sí ògiri ni. Ọ̀gá Etí-Méjì fọwọ́ kan kọ́là ara rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ó mà ṣe o, kì í ṣe orí ló tẹ̀."

Màmá nìkan ló láyà láti béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa. Wọ́n ní, "Ojú náà ńkọ́?" Bàbá tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, bí èèyàn ṣe ń wo aṣọ tí ẹlòmíràn rán.

"Ojú ti rí bó ṣe rí. Kọ́là ló ṣeé tún ṣe."

Wọ́n ká téèpù, wọ́n sì jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Áńkáṣíìfù wọn wà nílẹ̀ níwájú fọ́tò náà. Màmá mú un, wọ́n fi sínú àpò tiwọn, wọn kò sì tíì dá a padà.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, dígí ti kọjú síta. Bàbá nìkan ló yí i, ẹ sì mọ bó ṣe wúwo. Ọ̀gá mi dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wá ya pásípọ́ọ̀tù, Bàbá dúró sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wo kọ́là láti orí èjìká rẹ̀, àwọn ojú méjèèjì sì wà nínú dígí pọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ará òpópónà ti ń kó ṣẹ́ẹ̀tì padà wá, Bàbá sì ń tú kọ́là wọn, wọ́n ń tún un rán. Àwọn kan ní àwọn kò rí ohun tó ṣe é. Bàbá ní ohun tó ṣe é náà nìyẹn.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí àfihàn náà ṣe parí. Mo fẹ́ gbé ọba kọ́ síbẹ̀ dípò fọ́tò iwájú, àwọn adájọ́ àfihàn náà ní kí n kọ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní ìtumọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ gan-an, pé láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo wa la jẹ́ ọba, láti iwájú, gbogbo wa la jẹ́ èèyàn. Mo mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi náà mi orí. Wọ́n ti ní kí n tún mú iṣẹ́ mìíràn wá.

Ohun kan ló ṣì ń dà mí láàmú. Mo tún padà lọ wo ìwé ńlá yẹn. Nínú gbogbo àwọn ọba tó kọ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ń ṣe kàyéfì pé mélòó nínú wọn ló ní apá ojú kan tí kò fẹ́ kí a rí, tó wá dúpẹ́ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀nà tí àwọn ayàwòrán ń gbà nìyẹn. Ìwé náà kò sọ. Tí mo bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ sọ fún.

Fọ́tò méjì ló wà nínú àpò ìwé yìí, bí ẹ ṣe ti rí i. Ọ̀kan ni ọba. Èkejì kì í ṣe ti ara ògiri ilé ìkàwé. Bàbá fúnra wọn ló pè mí sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà, wọ́n ti tún kọ́là rẹ̀ rán. Wọ́n wo dígí, wọ́n fi ìka kan tún kọ́là ṣe, wọ́n fi ojú sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n kọjú sí mi. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan kò tó, kí n tún un tẹ̀, ó lè jẹ́ pé mo ti mira. Wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ fi ti iwájú han ọmọ yín, lẹ́yìn náà ti ọba, kí ó lè mọ̀ pé ọba ló ń farawé bàbá àgbà òun.

Kí Ọlọ́run bá wa tọ́jú yín. Orúnkún yín á gbé yín lọ, á gbé yín bọ̀. Ọmọ yín á dàgbà lójú yín, eyín rẹ̀ á sì rí oúnjẹ jẹ dípò olùkọ́. A ó fojú kan ara wa láyọ̀, níwájú, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ télọ̀ kan náà tó rán yín,

Akọ̀wé Ayaba.

Àfikún: Láti ìgbà tí dígí ti kọjú síta, àwọn oníbàárà ti ń rí ara wọn, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ikùn àwọn tóbi. Bàbá ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ télọ̀. Wọ́n tún ní tí ẹ bá pè lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọmọ yín pé kí ó dágbére fún fáànù.